Àpò Lẹ́tà Lórí Igi: Ọ̀ràn Ikú James Edward Hamilton ní Ẹnu Ọ̀sà Hillsboro

Ní October ọdún 1887, àwọn tó ń wá akólẹ́tà kan tó ń jẹ́ James Edward Hamilton rí àpò lẹ́tà rẹ̀ níbi tí ó fi kọ́ sí lára igi. Apá àríwá ẹnu ọ̀sà Hillsboro ni igi náà wà, ní etíkun ìlà-oòrùn Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Aṣọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òun alára ni wọn ò rí, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ títí di òní olónìí. Lẹ́nu àwọn èèyàn, ìtàn náà ti di pé ọ̀nì ló gbé e jẹ, àwọn mìíràn ní ẹja àkùrákudà ni. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ohun tí ó sì ń dùn mí nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹranko kankan. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré kan ni, èyí tí kò sí níbi tí ó yẹ kó wà.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, àfi ká kọ́kọ́ gbàgbé Florida tí a mọ̀ lónìí. Bí a bá dárúkọ Miami tàbí Palm Beach báyìí, ilé ìtura olówó ńlá ló ń wá síni lọ́kàn. Ní 1885, igbó ni. Ìwọ̀nba ìdílé tó tẹ̀dó sí etí ọ̀sà Lake Worth ń gbin ohun ọ̀gbìn, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń ṣa igi àti ẹrù tí òkun bá gbé wá láti ara ọkọ̀ tó fọ́. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, lápá gúúsù, àwọn díẹ̀ mìíràn ń gbé ní etí Biscayne Bay, níbi tí Miami wà. Kò sí ọ̀nà kankan láàrin àwọn méjèèjì. Ẹrẹ̀ ńlá Everglades wà lápá kan, òkun Atlantic wà lápá kejì, iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì wà láàrin wọn. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe rí láàrin ọ̀sà Èkó àti òkun ńlá, kó tó di pé wọ́n kọ́lé síbẹ̀, á ti mọ irú ilẹ̀ tí mò ń sọ.

Àtipo tó wà ní Lake Worth tó bá kọ lẹ́tà sí ará rẹ̀ ní Miami, nǹkan bí àádọ́rin máìlì péré sí ara wọn, kò lè fi í ránṣẹ́ tààrà. Lẹ́tà náà á kọ́kọ́ gòkè lọ sí àríwá, títí dé New York. Ibẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Havana, ní Cuba, kó tó tún rí ọkọ̀ mìíràn gbé e padà wá sí Miami. Nǹkan bí 3,000 máìlì ni ìrìn àjò yẹn, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù méjì. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé ara bàbá ò yá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sin bàbá kí lẹ́tà tó dé.

Ìyẹn ló mú kí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà la ọ̀nà lẹ́tà kan sí etíkun náà ní 1885. Irú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà ìràwọ̀ ni, orúkọ yẹn sì ní ìtàn tó dùn mọ́ mi. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1845 sọ pé kí ìjọba yé wo bóyá kẹ̀kẹ́ ẹṣin tàbí ẹṣin lásán ni agbaṣẹ́ṣe máa lò; ẹni tó bá dá iye tó kéré jù lọ ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, bó bá ṣáà ti lè ṣèlérí ohun mẹ́ta: kí lẹ́tà yá, kó dájú, kó sì wà láìléwu. Ó sú àwọn akọ̀wé láti máa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sínú ìwé ní gbogbo ìgbà, ni wọ́n bá ń fi àmì ìràwọ̀ mẹ́ta rọ́pò wọn: * * *. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ọ̀nà ìràwọ̀ nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti ẹni tó ń gbé lẹ́tà. Ààbò tí òfin ń sọ, ti lẹ́tà ni.

Edwin Ruthven Bradley ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà. Ará Chicago ni, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó kó ìdílé rẹ̀ wá sí Florida. Òun àti ọmọ rẹ̀ Louis ni wọ́n jọ ń rin ọ̀nà náà. Owó iṣẹ́ jẹ́ 600 dọ́là lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ìrìn kan lọ́sẹ̀, máìlì 136 ní àlọ àti àbọ̀, ìyẹn lé ní 7,000 máìlì lọ́dún. Bí a bá pín owó náà, kò tó sẹ́ńtì mẹ́sàn-án fún máìlì kan. Nínú owó yẹn náà ni wọ́n ti máa jẹun. Ọdún méjì ni Bradley fi ṣe é, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ara wọn ṣì gbé e.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ? Ọjọ́ Ajé ni akólẹ́tà máa ń gbéra. Á wọ ọkọ̀, á sì wa á gba orí ọ̀sà Lake Worth lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀sà parí sí. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀kalẹ̀, tí yóò sì gba etíkun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, á sùn ní Ilé Ààbò Orange Grove, níbi tí ìlú Delray Beach wà báyìí. Lọ́jọ́ kejì, á rìn títí á fi dé ẹnu ọ̀sà Hillsboro, á wa ọkọ̀ kọjá, á sì tún máa rìn lọ títí dé Ilé Ààbò Fort Lauderdale, ibẹ̀ ni yóò sùn sí. Lọ́jọ́ kẹta, á kọjá ẹnu omi New River, á rìn dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Baker's Haulover lórí ọ̀sà Biscayne Bay, á wọ ọkọ̀ ìkẹyìn, á sì wà á ní nǹkan bíi máìlì méjìlá wọ Miami. Ilẹ̀ á mọ́, á tún kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló yẹ kó délé. Ó sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi, ó di ọjọ́ Ajé, ó tún gbéra. Nínú máìlì 68 tó wà ní àlọ, 28 ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀, 40 ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń rìn. Kì í ṣe pé òṣì ló dè wọ́n tí wọn ò fi ní bàtà. Ẹni tó bá ti rin etíkun rí mọ̀ pé iyanrìn òkè, èyí tí omi kì í dé, rọ̀ bí èlùbọ́. Ẹsẹ̀ á máa rì, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá á dà bí ogún. Ibi tí ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ló le, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń rí ilẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni omi ti ń gun èèyàn lẹ́sẹ̀. Omi iyọ̀ á ba bàtà awọ jẹ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan, iyanrìn á sì máa ha ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ká ṣòkòtò, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ omi. Ilẹ̀ etíkun sì máa ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ kan á máa ga ju èkejì lọ fún 40 máìlì. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní akólẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ lásán o. Arìn-etíkun ni wọ́n ń pè wọ́n. Àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹlẹ́sẹ̀ lásán ṣẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀, nígbà tí òǹkọ̀wé kan fi wọ́n ṣe ìtàn àròsọ.

Èèyàn tí kò bá mọ ọ̀nà lè bá akólẹ́tà rìn, bó bá san dọ́là márùn-ún. Ìyẹn náà jẹ́ owó lápò. Mo máa ń fojú inú wo ẹni tó san owó pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹsẹ̀ rin 40 máìlì, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo dárúkọ Ilé Ààbò lẹ́ẹ̀mejì. Etíkun yìí burú fún ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ń fọ́ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìjì. Atukọ̀ tó bá yè bọ́ nínú omi lè wá kú sórí ilẹ̀, torí kò sí ilé, kò sí omi mímu, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe kọ́ ilé márùn-ún sí etíkun náà ní 1876. Wọ́n fi alábòójútó kan àti ìdílé rẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó ibùsùn àti oúnjẹ sí i. Bí ìjì bá ti rọlẹ̀, alábòójútó á rin etíkun lọ, á rìn ín bọ̀, bóyá á rí ẹni tí òkun sọ sókè. Ilé wọ̀nyí ló di ibùsùn fún akólẹ́tà. Láìsí wọn, ọ̀nà náà ì bá má ṣeé rìn. Ṣùgbọ́n ilé méjì yìí jìnnà síra gan-an. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn ní àárín wọn, òun àti Ọlọ́run ló kù. Àárín wọn yẹn gẹ́lẹ́ ni Hillsboro wà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Kò sí afárá ní ẹnu ọ̀sà kankan. Kò sí olókọ̀ tó ń gbé èrò kọjá. Ọkọ̀ àjẹ̀ kan ni akólẹ́tà ní ní Hillsboro, ó sì máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú igbó létí omi. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ kan máa ń wà ní apá tí ó bá ti fi í sí gbẹ̀yìn. Bó bá ń bọ̀ láti Miami, á wà á wá sí apá àríwá, á fi í pamọ́ síbẹ̀, á sì máa lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bó bá ń lọ sí Miami, á bá a ní àríwá níbi tó fi í sí, á wà á lọ sí gúúsù, á fi í pamọ́ sọ́hùn-ún de ìgbà tó máa padà. Ètò yìí dára, bí kò bá sí ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ ayé. Bí ẹnì kan péré bá gba ibẹ̀ kọjá, tó rí ọkọ̀, tó sì wà á lọ sí apá kejì, gbogbo ètò ti bàjẹ́. Ẹni yẹn kò tilẹ̀ ní láti jẹ́ olè. Òun á rò pé òun kàn kọjá omi ni.

James Edward Hamilton, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ed, kì í ṣe ọmọ etíkun. Trigg County ní ìpínlẹ̀ Kentucky ló ti wá, ilẹ̀ tó jìnnà réré sí òkun. Ní 1885 ló dé Hypoluxo, létí Lake Worth. Ará Kentucky bíi tirẹ̀, Andrew Garnett, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn tó bá lè gbé orí rẹ̀ tí wọ́n sì lè ro ó ló ń fa irú wọn lọ sí Florida nígbà náà. Ìṣòro ilẹ̀ ọ̀fẹ́ sì ni pé kì í fúnni lówó lọ́wọ́. Ohun ọ̀gbìn ń dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí ọjà nítòsí. Nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀, owó ìjọba tó ń wọlé déédéé, bó ti wù kó kéré mọ, ohun iyì ni. Nígbà tí Bradley fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1887, àwọn ará Kentucky méjì yìí ni wọ́n bọ́ sí i. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí Hamilton kú, iṣẹ́ náà ò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, October 10, 1887, ló kúrò ní Hypoluxo pẹ̀lú lẹ́tà Miami. Ó sùn ní Orange Grove gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, October 11, ó gbé àpò rẹ̀, ó kọjú sí gúúsù. Ọ̀nà rẹ̀ sí Hillsboro ni ìgbẹ̀yìn tí wọ́n gbúròó rẹ̀.

Kò sí tẹlifóònù, kò sí wáyà. Bí ó ti yẹ kó wọ Miami lọ́jọ́rú tí kò sì wọ̀ ọ́, àwọn tó wà ní Miami kò lè fi ránṣẹ́ sí Hypoluxo. Akólẹ́tà tí wọn ì bá fi iṣẹ́ rán náà ni wọn ò rí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: òun ni ọ̀nà ìròyìn. Nígbà tí òun sọnù, ìròyìn pé ó sọnù kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, kò dé. Ìgbà yẹn ni àyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn ará ilé, tí wọ́n sì wá a lọ sí gúúsù. Ní ẹnu ọ̀sà Hillsboro ni wọ́n ti rí àpò àti aṣọ lára igi.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n rí, torí pé yàtọ̀ sí i, kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Àkọ́kọ́, àpò wà lára igi, kì í ṣe nílẹ̀. Ẹni tó bá ń sá kò ní ráyè gbé àpò kọ́ igi. Ẹni tó bá ń já àpò gbà lọ́wọ́ akólẹ́tà náà kò ní fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Èkejì, aṣọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí fi hàn pé ó bọ́ra sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kó ẹrù síbi tí omi tàbí ẹranko ilẹ̀ ò ti ní tètè dé e. Ẹ̀kẹta, tí èmi rí i pé ó ṣe pàtàkì jù, kò mú lẹ́tà dání. Ká ní ó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kọjá kó sì máa lọ ni, á ti di àpò mọ́ orí tàbí mọ́ ẹ̀yìn. Ó fi í sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ padà wá gbé e. Èrò rẹ̀ ni pé kí òun lúwẹ̀ẹ́ lọ sí òdì kejì, kí òun wa ọkọ̀ padà, kí òun wọṣọ, kí òun gbé lẹ́tà sínú ọkọ̀ láìjẹ́ kí ó tutù, kí òun sì wà á kọjá bó ṣe yẹ. Ìràwọ̀ kẹta, ìyẹn ààbò lẹ́tà, ló ń rò. Ó sì rí i ṣe: nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, àpò náà ṣì wà níbi tó fi kọ́.

Ọkọ̀ ńkọ́? Kò sí ní apá àríwá. Ẹnì kan ti gbé e kọjá. Wọ́n fura sí ọkùnrin àlejò kan, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ẹ gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án: pé ó fọwọ́ kan dúkìá ìjọba. Kì í ṣe ẹ̀sùn ikú èèyàn. Kóòtù sì dá a sílẹ̀, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Èmi ò ní sọ pé kóòtù ṣàṣìṣe. Ta ni yóò jẹ́rìí? Igi àti omi nìkan ló wà níbẹ̀. Ká tilẹ̀ ní òun ló gbé ọkọ̀, kò sí òfin tó sọ gbígbé ọkọ̀ kọjá omi di ìpànìyàn. Kò mọ Hamilton, kò mọ ọjọ́ tó máa ń kọjá. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí síbẹ̀, bí ẹni pé ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà ni ta ló gbé ọkọ̀. Ìbéèrè tí èmi ì bá bi ni èyí: kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ kan péré? Ọkọ̀ méjì, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, ì bá ti mú kó ṣòro kí ìwà ẹni tó ń kọjá lọ já sí ikú. Ọkọ̀ àjẹ̀ kì í ṣe ohun olówó gọbọi. Àmọ́ nínú 600 dọ́là tí ìjọba gbà pé òun ló kéré jù lọ, agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ló máa wá ọkọ̀, òun ló máa tún un ṣe, òun ló máa pèsè òmíràn. Bí a bá fi iye tó kéré jù gba iṣẹ́, ohun tí a máa kọ́kọ́ gé kúrò ni èyí tí a rò pé a lè ṣe láìní i.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹranko. Mi ò sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní alligator, pọ̀ ní gúúsù Florida. Omi tí kò níyọ̀ ló máa ń gbé, ṣùgbọ́n bí òjò bá kún odò, ó lè tẹ̀ lé ìṣàn wá dé ẹnu ọ̀sà. Ẹja àkùrákudà náà máa ń wá ẹja kéékèèké jẹ ní ibi tí ọ̀sà bá ti pàdé òkun, torí oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀. Méjèèjì lè pa èèyàn. Síbẹ̀, ẹ wo oṣù tó ṣẹlẹ̀. October jẹ́ ìparí ìgbà òjò níbẹ̀. Gbogbo omi tó gbá jọ nínú ẹrẹ̀ Everglades ń wá ọ̀nà jáde sí òkun. Ìgbà yẹn náà ni òkun máa ń kún jù lọ lọ́dún ní etíkun yẹn. Ẹnu ọ̀sà dà bí ẹnu ìgò: omi púpọ̀ ń gba ojú ihò tóóró kọjá. Bí omi ọ̀sà bá ń fà lọ sínú òkun, ìṣàn náà yá ju bí èèyàn ṣe lè lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹni tó ti rìn láti òwúrọ̀, tó bọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀, lè rò pé òun ń kọjá, kó sì rí i pé òun ti ń súnmọ́ ojú òkun. Òkun ibẹ̀ pàápàá kì í ṣe òkun tó dúró sójú kan: ìṣàn ńlá Gulf Stream ń kọjá nítòsí ilẹ̀ Florida, ó sì ń kó ohun tó bá bọ́ sí i lọ sí àríwá. Nítorí náà, àìrí òkú rẹ̀ kò fi hàn pé ohun kan jẹ ẹ́. Omi nìkan tó láti gbé e lọ. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, omi ni mo máa mú.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn ọ̀nì? Mo rò pé ọ̀nì rọrùn láti sọ fún ọmọdé lálẹ́. Ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀ kò ní eyín.

Àwọn kan á bi mí pé, ṣé kò lè padà ni? Ó lè padà sí Orange Grove, ó lè sùn, ó lè dúró de ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ó ti rin ìrìn òwúrọ̀ kan gbáko. Tó bá padà, ọjọ́ kan ti lọ. Tó bá dé Orange Grove, alábòójútó kò ní ọkọ̀ kankan ní Hillsboro tó máa fún un. Ó ṣì máa padà wá síbi igi yẹn náà, ọkọ̀ náà á ṣì wà ní òdì kejì. Tó bá pa ìrìn ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ìjọba lè yọ ọ́ nínú owó agbaṣẹ́ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀. Òdì kejì omi náà kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó wà létí omi ni kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò lè pè é ní aláìgbọ́n. Ẹni tó bá rí àpò tí wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù gbé kọ́ igi yóò mọ̀ pé ẹni tó ń ronú ló ṣe é.

Iṣẹ́ náà ò dúró. Àwọn mìíràn ń rìn ín títí wọ́n fi la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè gbà lọ sí gúúsù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Ọkọ̀ ojú irin dé West Palm Beach ní 1894, ó sì wọ Miami ní 1896, ọdún kan náà tí Miami di ìlú lábẹ́ òfin. Nígbà tí rélùwéè gbé lẹ́tà, lẹ́tà tó ti ń gba ọjọ́ mẹ́ta di ti wákàtí mélòó kan. Ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàrin Hamilton àti reluwéè náà. Ìdílé Bradley tó kọ́kọ́ rin ọ̀nà yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ ewu Florida náà: Guy, àbúrò Louis, di ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa wọ́n torí ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fìlà àwọn obìnrin, wọ́n sì yìnbọn pa á lẹ́nu iṣẹ́ ní 1905. Ọ̀ràn tirẹ̀ ní ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun yìnbọn. Ìyẹn náà, wọn ò rí i dẹ́bi fún.

Ní nǹkan bí 1940, ayàwòrán Stevan Dohanos ya àwòrán mẹ́fà nípa Hamilton fún ilé ìfìwéránṣẹ́ West Palm Beach. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù ní gúúsù Florida sì ti ń rin etíkun náà lọ́dọọdún láti àwọn ọdún 1960, láti fi rántí àwọn akólẹ́tà. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní ẹnu ọ̀sà Hillsboro fúnra rẹ̀, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà wà níbẹ̀ láti 1907, ère akólẹ́tà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò léjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Àkọlé tó wà níbẹ̀ dárúkọ James E. Hamilton, ó ní akólẹ́tà ìjọba Amẹ́ríkà ni, pé ibí yìí ló ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ní October 11, 1887. Kò dárúkọ ọ̀nì. Kò dárúkọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú.